Eyín Dúdú Méje

Láti aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Káfíńtà ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á ti mọ̀ pé ọ̀ràn ńlá ló délẹ̀, nítorí ọkùnrin yìí kì í gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò nílẹ̀ àfi tó bá bo bàtà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó gbá a tán, ó nu tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́, ó gbé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lé e lórí, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ẹnì kan ń bọ̀ wá rà á ní aago mẹ́rin. Bí ẹni náà bá rà á, Káfíńtà á wà láàárín àwọn Arúgbó-Ṣoge ní Sátidé. Bí kò bá rà á, ó parí nìyẹn.

Arúgbó-Ṣoge ni orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì márùn-ún kan sọ ẹgbẹ́ olórin wọn. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ rí ni olórí wọn, òun ló ń ta gìtá, wọn ò sì ní ẹni tí yóò tẹ kíbọ́ọ̀dù. Odidi oṣù mẹ́ta ni Káfíńtà fi ń dọ́gbọ́n kọjá níwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dánra wò, bíi pé ibẹ̀ lọ̀nà ilé rẹ̀ gbà, kí Dírẹ́bà tó pè é wọlé. Dírẹ́bà ní kó gbé kíbọ́ọ̀dù wá ní Sátidé káwọn gbọ́ ọ. Ó ní bí kò bá rí i gbé wá, oníṣègùn eyín kan wà tó ti ń bẹ àwọn. Oníṣègùn eyín! Ṣé eyín tó wà lẹ́nu aráyé ò tó o ni?

Kíbọ́ọ̀dù Káfíńtà kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ti di ohùn sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, tí èèyàn kàn ń tẹ̀. Eléyìí, ẹni tó ni ín ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ po ohùn, bí Káfíńtà ṣe ń po ọ̀dà. Wọ́n to nǹkan róbótó-róbótó sórí rẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ẹ yí ọ̀kan, ohùn á ki. Ẹ yí òmíràn, á máa gbọ̀n. Ó ti po ohùn ayùn tó ń la pákó, ó ti po ti òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, ó sì po ọ̀kan tí kò jọ ohunkóhun láyé, èyí tó fẹ́ràn jù. Ọdún tó kọjá ló rà á ní tuntun, nígbà tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé orí bàbá àwọn ti fẹ́ máa dàrú.

Àfi bí eyín dúdú méje ṣe yadi. Eyín ni Káfíńtà ń pe àwọn ibi tí à ń tẹ̀, funfun àti dúdú. Bí iná bá ti wà lára kíbọ́ọ̀dù náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ara rẹ̀ gbóná, eyín dúdú méje tó wà láàárín á dákẹ́ lọ gbári. Ẹ pa á, kó tutù, wọ́n á tún máa sọ̀rọ̀. Ẹ tún tàn án, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n tún di odi. Ta ni yóò gbé irú ìyẹn jáde síwájú èrò?

Gàráńtì ọdún méjì wà lórí rẹ̀ o. Káfíńtà kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ìgbà méje ló kọ ọ́, bíi pé ó ń bá eyín kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀, lórí fọ́ọ̀mù kékeré kan nínú fóònù, ìka kan ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Kí lẹ rò pé wọ́n fi dá a lóhùn? Wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé inú rẹ̀ dùn. Wọ́n ní kó fún àwọn ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ìgbà méjèèje! Nígbà tó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn páálí, orin ni wọ́n fi sí i létí fún ogójì ìṣẹ́jú títí fóònù fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Orin ọ̀hún gan-an, kíbọ́ọ̀dù tiwọn ni wọ́n fi kọ ọ́, gbogbo eyín dúdú sì ń dún ketekete.

Inú bí Káfíńtà débi pé ó fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Ó ní ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tó wá ń yọ ṣùtì síni, kí á fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Kó ta nǹkan náà ló kù. Atúnrédíòṣe kan ní òpópónà kejì ní kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ kan tí kò lè po ohùn kankan, ṣùgbọ́n gbogbo eyín rẹ̀ pé, iye tó sì ń pè é ò ju ìdajì owó tí Káfíńtà fi ra tirẹ̀ lọ. Ó ní òun á bá a tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì, ìyẹn ọ̀la.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló bá a gbé e sí ibi tí àwọn èèyàn ti ń ta àlòkù lórí fóònù. Káfíńtà ti kọ ìkéde ojú ewé méjì sílẹ̀, láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọmọ náà kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di gbólóhùn méjì: kíbọ́ọ̀dù rèé, eyín dúdú méje ń yadi tó bá gbóná, ìdajì owó. Káfíńtà ní ìwà wo nìyẹn, ṣé wọ́n máa ń já wọ ilé onílé láìkí onílé ni? Kò pé wákàtí méjì tí ẹnì kan fi dáhùn pé òun ń bọ̀ ní aago mẹ́rin ọ̀la.

Aago mẹ́rin lù, obìnrin kan wọlé. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó gbé báàgì péńpé kan há abíyá, ara rẹ̀ sì le koko. Káfíńtà da ìkíni bò ó: ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìrìn, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, díẹ̀ ló kù kó béèrè àwọn tó jọ wọ ọkọ̀. Obìnrin náà dúró kó sọ tán, ó ní ilé dáa, ẹ ṣé. Ó wá sọ ẹni tí òun jẹ́. Wáyà, ìyẹn tẹligíráàmù, ló ń tẹ̀ nílé-ìfìwéránṣẹ́ láyé ọjọ́un, nígbà tó jẹ́ pé iye ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ ló ń sanwó fún. Ìyá Oníwáyà ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Káfíńtà ṣí aṣọ, ó tan iná, ó sì bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù kó má bàa dà bíi pé ó fẹ́ lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Ó ní kó tẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá Oníwáyà na ìka kan, ó tẹ eyín funfun kan, ohùn tí kò jọ ohunkóhun láyé sì jáde, ó kún inú ṣọ́ọ̀bù dé àjà. Obìnrin náà yọwọ́ kíá. Ó wo Káfíńtà, ó wo kíbọ́ọ̀dù, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tó fi ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ó ń yí àwọn róbótó yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n fi sílẹ̀ nídìí omi. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, eyín dúdú méje dákẹ́. Káfíńtà ní òun sọ ọ́, àbí òun ò sọ ọ́? Obìnrin náà ní ṣé àwọn funfun ṣì ń sọ̀rọ̀? Káfíńtà ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo," ni Ìyá Oníwáyà wí. "Mo fẹ́ tẹ púpọ̀ kí n tó kú."

Ó ṣí báàgì, ó kó owó lé orí tábìlì. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ara Káfíńtà yá gágá. Sátidé ti bọ́ sí i! Lọ́kàn rẹ̀, ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dírẹ́bà, oníṣègùn eyín sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ayọ̀ yẹn ló jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó sọ ti Arúgbó-Ṣoge àti Sátidé fún obìnrin náà, ó sì fẹ́ kó mọ ohun tí ojú òun rí. Ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́ pé kó wá wo àwọn èèyàn burúkú, kó wo ìwé méjèèje tí òun kọ, kó wo ìràwọ̀ tí wọ́n ń tọrọ. Ìyá Oníwáyà wọ gíláàsì, ó ń kà á. Ohun tó kà nìyí:

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àmójútó. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ yín dára púpọ̀, ọwọ́ yín ò ní í rọ. Ọjọ́ tí mo ra kíbọ́ọ̀dù yín, inú mi dùn débi pé mi ò sùn. Ọlọ́run yóò máa fún yín ṣe. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀"

Ibẹ̀ ló parí sí. Ó wo èkejì, ibi ìkíni lòun náà parí sí. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó béèrè pé níbo ni Káfíńtà ti sọ fún wọn pé kíbọ́ọ̀dù bàjẹ́. Káfíńtà ní nísàlẹ̀ ni, kó wo ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀, àfi ìlà kan tí wọ́n kọ wínníwínní pé fọ́ọ̀mù náà kì í gbà ju ọ̀ọ́dúnrún lẹ́tà lọ. Gbogbo ohun tó lé lórí ìyẹn, fọ́ọ̀mù ti gé e dànù. Ìkíni nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wọn, ọpẹ́ ni wọ́n sì fi dáhùn. Ẹnikẹ́ni ò yọ ṣùtì sí Káfíńtà. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń ṣàdúrà fún ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó máa bá jà.

Ẹ̀rín pa Ìyá Oníwáyà dórí àpótí. Ojú ti Káfíńtà, ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín sì gba ìbínú náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn. Obìnrin náà nu ojú, ó mú fóònù, ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó sì ka ohun tó tẹ̀ sókè: "Bọ́tìnnì dúdú méje ń yadi tó bá gbóná. Gàráńtì ṣì wà. Ẹ tún un ṣe." Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló fèsì lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, àìsàn náà kì í ṣe tuntun sáwọn. Kí wọ́n gbé e lọ sí ìsọ̀ ilé-iṣẹ́ náà tó wà nígboro láàárọ̀ ọ̀la, wọ́n á fún wọn ní tuntun lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀rín bá tán lójú Káfíńtà. Tuntun! Gbogbo eyín á pé, ó tún lè po ohùn, ní ọ̀la, kí Sátidé tó dé. Ṣùgbọ́n ti ta ni? Owó wà lórí tábìlì, ọwọ́ ti kan ọwọ́. Ó wo obìnrin náà, ó wá yé e pé kò sí ohun tó ní kó sọ̀rọ̀. Ì bá gbé ẹrù rẹ̀ lọ sílé, kó fi fóònù tirẹ̀ kọ̀wé sí wọn, kó gba tuntun ní ìdajì owó, ayé ì bá má mọ̀.

Ìyá Oníwáyà fa owó náà sún mọ́ ara rẹ̀. Ó ní ọjà ti tú ká, òun ò ní í ra nǹkan tó yè ní owó òkú, kí Káfíńtà mú un lọ sí ibi orin rẹ̀. Káfíńtà fa owó padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní owó náà pé, kí obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀, òun á lọ ra ti atúnrédíòṣe. Ibi tí wọ́n ti ń fa owó náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni Àbíkẹ́yìn ti ibi iṣẹ́ dé, tó gbọ́ ariwo, tó sáré wọlé pé kí wọ́n má jà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu yà á. Kò rí i rí kí olùrà máa bẹ ọlọ́jà pé kó gba ọjà rẹ̀ padà.

"Mo tà á tòun ti àìsàn rẹ̀," ni Káfíńtà wí. "Mi ò lè gbà á padà torí pé ó fẹ́ẹ́ sàn."

Ìyá Oníwáyà ń fi ìka kan tẹ orí tábìlì, bí ẹni tó ń ka iye ọ̀rọ̀ kó tó tẹ wáyà.

"Ìdajì owó," ó ní. "Ìdajì kíbọ́ọ̀dù."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́. Káfíńtà wo owó, ó wo kíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ náà wá di odindi nínú rẹ̀. Ìdajì iye rẹ̀ lobìnrin náà san. Ìdajì rẹ̀ náà ló rà. Ìdajì tó kù ṣì jẹ́ ti Káfíńtà, Sátidé sì wà nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀: ẹ kú oore, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àánú, Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, àwọn ọmọ yín ò ní í…

Ìyá Oníwáyà gbé ìka kan sókè. Àbíkẹ́yìn, tó ti ka fọ́ọ̀mù náà nínú fóònù bàbá rẹ̀, ní ọ̀ọ́dúnrún lẹ́tà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Káfíńtà pa ẹnu dé. Ó wo àpótí kan ṣoṣo tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún ara rẹ̀ nìkan. Ó fa téèpù yọ nínú àpò, ó fi pẹ́ńsù há etí, ó lọ síbi tó to pákó sí, ó yan èyí tó gùn jù, tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́.

"Àga ẹni méjì," ni gbogbo ohun tó sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pákó.