Ìmí Jesse

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó mí èémí ìyè sí ihò imú wa, tí kò sì tíì gbà á padà.

Ní Ìkàrẹ́, Eunice, olùkọ́ tó ń dá tọ́ ọmọ méjì, ní òfin kan. Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, Jesse àti Ìtùnú àbúrò rẹ̀ á mí sí i nímú. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ń rùn fún ọtí tàbí igbó, Ọ̀kà ló ń lọ, sí oko bàbá àgbà. Ilé ìwé á sì dúró ná.

"Mọ́mì, ó yẹ kí ọlọ́pàá gba imú yín síṣẹ́," ni Jesse máa ń wí.

"Mí jàre, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́."

Eunice kò gbọ́ òórùn kankan rí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, Jesse ti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àkùngbá dé, ó ń tòògbé bí wọ́n ti ń kọrin. Nígbà tó kàn án láti mí, ó ré bọ́ láti orí àga. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Eunice gbé imú sí ẹnu rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Òórùn kò sí níbẹ̀. Èémí pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

"Kí ló mu?"

Ìtùnú ń wo bàtà Jesse. "Ẹ ó lé e lọ sí Ọ̀kà."

"Ìtùnú, ẹ̀gbọ́n rẹ ń kú lọ."

Ọmọ náà fa káàdì oògùn apàrora kan yọ nínú bàtà Jesse. "Eléyìí ni. Ó ní kì í rùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń lò ó."

Ọ̀ṣẹ́nì ọlọ́kadà, aládùúgbò wọn, ló gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Eunice gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra láàárín òun àti ọlọ́kadà. Gbogbo sáàmù tó mọ̀ ti fò lọ lórí rẹ̀. Ó ṣáà ń gbé imú sí ẹnu Jesse lójú ọ̀nà. "Olúwa, jẹ́ kó mí. Bó rùn, kó rùn."

Nọ́ọ̀sì wo káàdì oògùn náà, ó sáré gún Jesse ní abẹ́rẹ́ tó ń pa agbára rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Jesse lajú. "Mọ́mì, ṣé Ọ̀kà ni mò ń lọ?"

Omi bọ́ lójú Eunice. "Rárá. O ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́, a ó sì jọ máa wá rí dókítà. Àmọ́ bó bá tún ṣẹlẹ̀, sọ fún mi. Ẹni tó bá sọ kò ní kúrò nílé mi."

Ó gbé imú sún mọ́ ẹnu rẹ̀. "Mí jàre."

Jesse mí, Eunice sì dúró síbẹ̀ pẹ́, kò wá òórùn kankan.

Ìwọ tó ń kàwé yìí, èémí kò ní tán nínú ọmọ rẹ lójú rẹ. Ẹ̀rù rẹ kò ní pa á lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó ké sí ọ. Àmín.