Àwọn Tó Ti Ni Oko Àjàrà

"Mummy, kì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n fẹ́ wó. Wọ́n fẹ́ hú gbogbo àjàrà náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò."

Ọláfimíhàn ló ń wa ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì í. Ó dá ọkọ̀ dúró níwájú ilé tí wọ́n ti ń pọn wáìnì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ìlú Lawrenceville, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ni oko àjàrà náà wà, níbi tí àwọn ilé ìtajà ti tán tí igi páìnì sì ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu rẹ̀. Ilé alájà fún àwọn ayálégbé ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀.

"Kí ni kí n fi oko ọtí ṣe, Hephzibah?" ni ó wá sọ. "Nọ́ọ̀sì ni mí. Díákónẹ́ẹ̀sì ni mí. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, ṣé o rò pé n kò gbọ́ bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń pè mí ní Ìyá Oníwáìnì lẹ́yìn? Má sì bá mi sọ̀rọ̀ omi tí Jésù sọ di wáìnì níbi ìgbéyàwó Kánà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ títí ó fi sú mi."

Hephzibah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Atlanta ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ máa ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, síbẹ̀ kì í fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn ún.

"Daddy fẹ́ràn ibí, Mummy."

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀ dáadáa. Fọlábí ọkọ rẹ̀ ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ta oògùn ní ilé ìtajà oògùn kí ó tó fẹ̀yìn tì, kí ó sì wá sọ pé òun ti rí oko àjàrà kan. Ọláfimíhàn rò pé àwàdà ni. Nígbà tó yé e pé kì í ṣe àwàdà, ilé kò rọgbọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. "Adẹ́mu ni bàbá mi ní Ìmẹ̀sí-Ilé," ni Fọlábí máa ń sọ. "Owó ẹmu ló rán mi lọ sílé ìwé. Èwo wá ni kí n máa tijú ọtí?" Nígbà ìkórè tó kọjá ni ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì láàárín àwọn èso tó ti pọ́n.

"Ọkọ̀ Uncle Eli nìyẹn," ni Hephzibah sọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù pupa kan wà lábẹ́ igi. Eli ló ta oko náà fún Fọlábí. Bàbá adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Austell báyìí. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó máa ń wá bá Fọlábí rẹ́wọ́ àjàrà, kí wọ́n gé àwọn ẹ̀ka tí kò wúlò kúrò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kò nílò láti wá lọ́dún yìí.

Ojú ti Ọláfimíhàn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba àárín àwọn àjàrà lọ bá a, ẹrẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ohùn tí èèyàn fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ló lò.

"Mr. Eli, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Mo fẹ́ ta oko yìí. Ó yẹ kí n ti pè yín."

Bàbá náà dúró, àlùmọ́gàjí ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló fẹ́ rà á?"

"Àwọn tó ń kọ́lé."

Eli kọjú sí àjàrà náà. Ó gé ẹ̀ka tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi tó mọ́ gaara bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ojú ibi tó gé.

"Àjàrà yìí ń sunkún," ni Ọláfimíhàn sọ kí ó tó mọ̀ pé òun ti lanu.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí a bá pẹ́ kí á tó rẹ́wọ́ rẹ̀. Kì í pa á." Eli nu omi náà pẹ̀lú àtàǹpàkò. "Ṣé ọkọ yín sọ fún yín bí oko yìí ṣe dé ọwọ́ wa?"

"Ó máa ń fẹ́ sọ ọ́. Èmi ni n kì í fẹ́ gbọ́."

"Obìnrin òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Bridget; bàbá àgbà rẹ̀ ló gbìn ín. Nígbà tí ìjọba fòfin de ọtí, èso lásán ni wọ́n ń tà. Bàbá Bridget ló kọ́ ilé wáìnì yẹn lẹ́yìn tí òfin kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyá mi máa ń bá wọn ká èso. Èmi náà bá wọn ká a ní kékeré. Àwa adúláwọ̀ kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé."

Ọláfimíhàn wo ilé náà, ó wo bàbá náà.

"Nígbà tó kan Bridget, kò bímọ, agbára rẹ̀ sì ti ń tán. Àwọn aládùúgbò ní kó má tà á fún mi. Ó ní ẹni tí kò ní hú u ni òun ń wá, kì í ṣe ẹni tó ní àwọ̀ kan. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló mú mi gbà wọlé lọ́jọ́ tí mo rà á."

"Ẹ̀yin náà sì wá tà á." Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ.

"Mo tà á. Ìyàwó mi kú, n kò sì lè wo ibi tó máa ń jókòó sí. Àwọn kọ́lékọ́lé kan wá, owó wọn dùn ún gbọ́. Ọkọ yín wá tẹ̀lé wọn. Ó ju èso kan sẹ́nu, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń dẹ́mu lórí igi ọ̀pẹ. Mo ní, ẹni tí mò ń wá ti dé." Ó gbé ojú sókè. "N kò kábàámọ̀ pé mo tà á, madam. Bí ó bá ti rẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ṣáà wo ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín dáadáa."

Ọláfimíhàn yíjú padà. Hephzibah ti mú àlùmọ́gàjí mìíràn, ó ti fi orúnkún kan kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Yóò gé ẹ̀ka kan, yóò sún sẹ́yìn wò ó, yóò tún gé òmíràn. Ìyá rẹ̀ lọ dúró tì í.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Daddy."

"O ò sọ fún mi pé o fẹ́ oko yìí."

"Ẹ ò bi mí, Mummy. Ẹ sọ fún pásítọ̀ pé ẹ fẹ́ tà á kí ẹ tó sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọláfimíhàn lọ́kàn, nítorí òótọ́ ni.

"Iṣẹ́ rẹ ní Norcross ńkọ́?"

"Mi ò ní fi í sílẹ̀ báyìí. Weekend ni màá kọ́kọ́ máa wá."

"Bí òtútù bá pa òdòdó rẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá so?"

"A máa dúró de ọdún tó ń bọ̀."

"Ọkùnrin wo ló máa fẹ́ obìnrin tó ń pọntí?"

"Ẹni tó bá fẹ́ràn wáìnì."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọláfimíhàn. Ó pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé ẹlòmíràn ló rẹ́rìn-ín náà. Kò sọ pé òun ti gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àwọn ẹ̀ka tí ọmọ rẹ̀ gé jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, títí wọ́n fi gbọ́ ìró ọkọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Ọkùnrin méjì ló sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó jẹ́ àgbà na ọwọ́ sí Ọláfimíhàn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Madam, ṣé ẹ ti pinnu?"

"Mo ti pinnu," ni Ọláfimíhàn sọ. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni oko wà lóhùn-ún."

Ọkùnrin náà wo ibi tó nàka sí. Hephzibah ti gbọ́. Ó dìde, ó wo ìyá rẹ̀ bíi pé ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ kò dá a lójú. Ìyá rẹ̀ mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Hephzibah nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń bọ̀ láàárín àjàrà. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọláfimíhàn, ìyá rẹ̀ gbọn ewé gbígbẹ kan kúrò léjìká rẹ̀, ó sì yà fún un lọ́nà.