Ibi Tí Ọkọ̀ Fágbèmí Ti Ń Pa Ẹ́ńjìnnì

Tẹ́ní fa fìlà bàbá rẹ̀ bo iwájú orí, ó ki ẹsẹ̀ bọnú ọkọ̀ Fágbèmí, ọkọ̀ sì fì bí ẹni pé ó mọ̀ pé kì í ṣe èrò gidi ló wọlé. Ó jókòó sẹ́yìn àwọn obìnrin ẹlẹ́ja, ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó di fóònù mú sábẹ́ aṣọ. Àárọ̀ Igbókọ̀dá yẹn dùn o. Oòrùn ń jó lórí omi, àwọn ìyá ń pe ara wọn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ẹni tó ń kọrin ń kọrin, ẹni tó ń jẹ̀kọ ń jẹ̀kọ. Tẹ́ní ò rí ìkankan nínú ẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn Fágbèmí ló ń wò.

Tẹ́ní fúnra rẹ̀ ló ṣe áàpù tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ ojú omi lágbègbè yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbì kan á tẹ fóònù, awakọ̀ tó sún mọ́ ọn á dáhùn, ọkọ̀ á sì máa hàn lórí máàpù bí àmì pupa kékeré títí á fi gúnlẹ̀. Kò tíì ní ọ́fíìsì. Yàrá tí bàbá rẹ̀, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Ìkàrẹ́, ń kó ìwé sí ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ti àwọn awakọ̀, Fágbèmí ló bá a pè wọ́n jọ. Bí Fágbèmí bá lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tẹ̀ lé e lọ.

Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọkọ̀ wọn ti ń dúró, níbì kan náà lẹ́yìn Màhìntẹ̀dó, níbi tí kò sí èbúté, tí kò sí ọjà. Àmì pupa á débẹ̀, á wá máa rá pálá. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á tún sáré. Tẹ́ní bi Fágbèmí. Fágbèmí ní òun ò dúró. Ó bi àwọn yòókù, ohun kan náà ni wọ́n sọ, àfi bíi pé wọ́n jọ kọ́ ọ sórí. Irọ́ tó dọ́gba tó báyẹn, Tẹ́ní gbà pé èèyàn ló tò ó. Lọ́jọ́ kan á ní epo ni wọ́n ń fà tà. Lọ́jọ́ kejì á ní èrò òun ni wọ́n ń kó fún ẹlòmíì.

Òní ni ọ̀rọ̀ fẹ́ bọ́ sí gbangba. Khalid, ọ̀gá tó ń rí sí ìrìnnà òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan, wà ní Igbókọ̀dá níbi tó ti ń wo máàpù. Khalid fúnra rẹ̀ ló yan ọkọ̀ Fágbèmí láti fi dán áàpù wò, torí Fágbèmí ni èrò ń yìn jù. Bí ọkọ̀ bá sáré dé Ayétòrò láìdúró, iléeṣẹ́ á kó gbogbo òṣìṣẹ́ wọn fún áàpù Tẹ́ní. Bó bá dúró, ó parí nìyẹn. Tẹ́ní ti pinnu pé bí òun bá ti fojú ara òun rí olè náà, òun á yọ Fágbèmí kúrò lórí áàpù lójú ẹsẹ̀, ìyẹn lòun á sì sọ fún Khalid.

Ọkọ̀ gbéra. Moríkẹ́, ìyá ẹlẹ́ja tó jókòó síwájú rẹ̀, bojú wẹ̀yìn, ó sọ nǹkan sétí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Tẹ́ní tún fa fìlà wálẹ̀. Èyí náà mọ̀ sí i.

Wọ́n kọjá Màhìntẹ̀dó. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu àwọn èrò. Moríkẹ́ wúkọ́. Ọkùnrin kan fa àjẹ̀ yọ lábẹ́ pákó, kò sẹ́ni tó rán an. Fágbèmí wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé e kúrò nínú omi. Gbogbo ayé pa lọ́lọ́. Tẹ́ní ti ń ká wọn sínú fóònù. Wọ́n rọra tukọ̀ sún mọ́ ilé orí òpó kan, Moríkẹ́ fa ọ̀rá dúdú kan yọ lábẹ́ agbọ̀n, ọwọ́ kan jáde lójú fèrèsé, ó gbà á.

Tẹ́ní dìde. “Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn?”

Moríkẹ́ ò tilẹ̀ yíjú padà. “Ẹja ni. Ẹ jókòó, ọ̀gá áàpù, ẹ fẹ́ jí ọmọ lójú oorun. Fìlà bàbá yín ò fi yín pa mọ́ rárá.”

“Ọmọ wo?”

Orin ni Moríkẹ́ fi dá a lóhùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ sì ń gbè é, àjẹ̀ ń bọ́ sínú omi bí orin ṣe ń lọ:

Omi, rọra o, omi, rọra,
àlejò wa ń sùn, omi, rọra,
ẹsẹ̀ ilé ń bẹ nínú rẹ,
omi, rọra.

Ọ̀dọ́bìnrin kan yọ lójú fèrèsé, ìkókó wà léjìká rẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ láti òdìkejì, kì í ṣe ti Tẹ́ní, òun náà pa ẹ́ńjìnnì. Ìgbì kékeré kan tó wá láti òkèèrè yọ́ gba abẹ́ ilé kọjá, òpó ilé sì ké. Ìgbà yẹn ni Tẹ́ní tó wo àwọn òpó náà dáadáa. Wọ́n tín-ín-rín. Bí ẹ́ńjìnnì bá fi eré kọjá níbẹ̀, gbogbo pákó ilé ni yóò gbọ̀n, pẹ̀lú ọmọ tó sùn lé e lórí.

Fóònù dún. Khalid ni. Ó ní ọkọ̀ ti dúró.

Wọ́n dá orin dúró. Gbogbo ojú ọkọ̀ wà lára Tẹ́ní. Fágbèmí bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Ẹ sọ fún wọn pé ewéko ló wé mọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á gbà.”

Lóòótọ́ ni, wọ́n á gbà. Tẹ́ní yọ ìbòmú.

“Wọ́n bímọ sílé kan lórí omi níbí,” ló wí. “A pa ẹ́ńjìnnì kí ìgbì má baà mi ilé náà. Gbogbo ọkọ̀ mi ló ń ṣe é, wọ́n á sì máa ṣe é.”

Khalid ní ó ti yé òun, àmọ́ ọkọ̀ tó ń sáré ni iléeṣẹ́ àwọn ń wá, kí màdáámù má bínú. Ó pa fóònù.

Ilé náà ti wà lẹ́yìn wọn. Fágbèmí dá ẹ́ńjìnnì padà sínú omi, àmọ́ kò tíì tan án.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?” Tẹ́ní bi í.

“Ẹ bi mí bóyá mo dúró. N ò dúró, à ń tukọ̀ lọ ni.”

Moríkẹ́ rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. “A rò pé ẹ ti gbọ́ ni, ọmọ mi. Ta ni ò gbọ́?”

Tẹ́ní wo èrò inú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìròyìn ọmọ yẹn ti gba ẹnu gbogbo wọn kọjá láti Igbókọ̀dá títí dé etí òkun, ojoojúmọ́ ni òun náà sì ń bá àwọn awakọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò jù méjì lọ: Níbo lẹ dé? Ìgbà wo lẹ máa dé? Kò sẹ́ni tó fi nǹkan pa mọ́ fún un.

Moríkẹ́ ti agbọ̀n ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fọwọ́ gbá àyè tó ṣófo lórí pákó. Ó ní Gift tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì níwájú náà ti lóyún, oyún náà sì ti ń hàn.

Tẹ́ní lọ jókòó tì í. “Oṣù wo ló máa bí?” ló bi í.