Ẹsẹ̀ Ìyá àti Nọ́ọ̀tì Tó Ń Yí

Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ohun tó bá ẹsẹ̀ Ìyá Ràbíátù ti bá Àkíbù ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá kò ti ká mọ́, àga onítáyà ló fi ń jáde. Irin tó ń gbé ẹsẹ̀ náà lé ló wá já bọ́. Ojú ihò tí bóòtù rẹ̀ ń wọ̀ ti jẹ tán, ọwọ́ kò sì lè dé inú páìpù fi nọ́ọ̀tì gbá a mú lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìrun Àílà ọjọ́ náà gan-an ni yìgì Mujeebat, ọmọ-ọmọ ìyá, ní Ọjà'ba. Láti òkè Màpó sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò ríbi gbé lé yóò máa wọ́ nílẹ̀ ni. Bí irin kò bá dúró, ìyá kò ní í lọ.

Gbénga ọ̀rẹ́ Àkíbù, tó ń tún kẹ̀kẹ́ Màrúwá ṣe ní Bẹẹrẹ, mú nọ́ọ̀tì kékeré méjì wá, tó ní ètè bí ìkòkò. Wọn a tì í bọ ihò, wọn a fi irinṣẹ́ rẹ̀ fà á, ìdí rẹ̀ a wú nínú páìpù lọ́hùn-ún, a sì gbá etí ihò mú. Bóòtù ríbi dì mọ́ nìyẹn.

Àkíbù ki àkọ́kọ́ bọ ihò, ó fà á. Bó ti ń di bóòtù, bóòtù ń yí, nọ́ọ̀tì ń bá a yí. Ó tú u, ó tún yí. Àkíbù wo irin, irin wo Àkíbù.

Gbénga ní, “Àbí ihò ló tóbi?”

“Mo wọ̀n ọ́n. Ó ṣe rẹ́gí.”

“O ò fà á dáadáa ni.”

“Apá ń dùn mí, Gbénga.”

“Ọmọ alágbẹ̀dẹ, nọ́ọ̀tì tí kò tó ìka ọmọ ọwọ́ ló ń dá ọ lóró. Ó dáa, mi ò ní í sọ ní Bẹẹrẹ.”

Àkíbù lu ti àkọ́kọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ náà ti dà rú mọ́ ọn lójú bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Ó mú èkejì, ó rì í sínú agolo epo bó ti ṣe àkọ́kọ́. Nílé wọn, irin kì í wọ ihò láìmu epo. Bàbá rẹ̀ olóògbé a máa ní irin tí kò mu epo yóò mu ẹ̀jẹ̀.

Ìyá pè é láti orí ẹní. “Àkíbù, kí ni epo yẹn wà fún?”

“Bí bàbá ṣe kọ́ wa ni, Màámi.”

“Àdá ni bàbá rẹ ń rọ. Èmi ta ẹja àrọ̀ ní Oríta-mẹ́rin títí irun mi fi funfun. Tí mo bá fẹ́ di ẹja mú, kí ni mo fi ń pa ọwọ́?”

“Eérú ni, mà.”

“Mo ṣebí epo ni.”

Gbénga fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé òun náà kò ronú kàn án, ó wolẹ̀. Wọ́n fi bẹntiróò nu epo kúrò lára nọ́ọ̀tì àti etí ihò títí méjèèjì fi gbẹ. Àkíbù fà á bí ẹni tó ń ṣàìgbọràn sí òkú. Ó di bóòtù. Bóòtù yí díẹ̀, ó rinlẹ̀, ó dúró. Ìyá gbé ẹsẹ̀ lé irin, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò mì.

Lórí ìsọ̀kalẹ̀ Màpó, ojú bóòtù ni Àkíbù ń wò ju ojú ọ̀nà lọ.

“Màámi, ṣé bàbá ṣì í ni?”

“Ṣé àdá rẹ̀ máa ń já kúrò ní èèkù?”

“Kì í já.”

“Ta ló wá ṣì í? Wo iwájú, má gbé mi lu ọmọ ọlọ́mọ.”

Kò tíì yé e. Ó di àga mú, ó ń tì í lọ sí Ọjà'ba.