Dáadáa Ni, A Dúpẹ́

"Ṣé dáadáa lẹ wà?" ni obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì káàdì ní ọsibítù béèrè. Kò gbójú sókè.

"Dáadáa ni mà, a dúpẹ́," ni aránṣọ dá a lóhùn.

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ tán kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn: bí àgbà bá bi ọ́ ní àlàáfíà, àlàáfíà ni kí o fún un, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ kan lo fi dúró. Obìnrin náà, tí àwọn aláboyún ń pè ní Ìyá Káàdì, kọ nǹkan sára káàdì rẹ̀, ó sì tì í sí ìsàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ àwọn yòókù.

"Ẹ lọ jókòó. Àwọn tí nǹkan ń ṣe là ń kọ́kọ́ mú wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ kàn wá fojú hàn, ẹ ní sùúrù."

"Mà, dókítà gan-an ni mo fẹ́ rí."

"Ta ni ò fẹ́ rí i? Èmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí wọ́n má bàa ní ó ń fajú ro. Ó jókòó sí ìkángun, lẹ́bàá ògiri.

Ohun tó gbé e wá rèé. Oyún rẹ̀ ti lé ní oṣù mẹ́jọ, ó sì ti pẹ́ tí ọmọ inú rẹ̀ ti mọ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí ẹ̀rọ bá ti dún báyìí, ọmọ á tàpá sí etí tábìlì, bí onílé tó ń bínú sí ayálégbé aláriwo. Aránṣọ á ní, "Mo ti gbọ́, ọ̀gá mi. Ìlà kan ló kù." Yàtọ̀ sí ọmọ yìí, kò sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá ìránṣọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yà wálé.

Láti ọ̀sán àná, ó ti rán kọ́tìnì mẹ́fà, ọmọ ò mira. Ó mu omi tútù, ó fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ láìfi aṣọ sí i. Pàbó ló já sí. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ pè láàárọ̀ tó bi í bóyá dáadáa ni, dáadáa náà ló sọ fún un.

Wákàtí kan kọjá. Ó padà sídìí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ara ń ṣe mí bákan."

"Bákan báwo?"

Ó wẹ̀yìn. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin, ikùn bí ogún, gbogbo wọn ló ń gbọ́. Ta ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn síta láàárín àwọn aláboyún ẹgbẹ́ rẹ̀?

"Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni mà."

"Ó rẹ gbogbo wa, ìyá ọmọ." Ìyá Káàdì fa ìrọ̀rí ẹ̀yìn àga tirẹ̀ yọ. "Ẹ fi èyí tẹ́ ìdí."

Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó padà sáyè rẹ̀. Kò pẹ́ ni ẹni tó ń gé koríko níta tan ẹ̀rọ rẹ̀. Bẹ́ǹṣì ń gbọ̀n rìrì, bíi ti tábìlì ìránṣọ gẹ́lẹ́. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín: "Aláìgbọràn ti jí o." Aránṣọ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ikùn tirẹ̀. Ó dúró, ó dúró, títí agékoríko fi pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó dìde, ó gbé ìrọ̀rí náà padà sórí tábìlì.

"Mà, mo purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan. Dáadáa kọ́. Ọmọ inú mi ò mira láti ọ̀sán àná."

Ìyá Káàdì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbójú sókè. Ó fa káàdì náà yọ nísàlẹ̀, àwọn yòókù dà sílẹ̀, kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó di apá aránṣọ mú, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn dókítà ṣí láìkànkùn.

"Ta ló bá yín wá?" ló béèrè jẹ́jẹ́.

"Kò sí."

"Ó dáa. Èmi ni mo bá yín wá."

Dókítà fi ẹ̀rọ tó ń gbé ìró ọkàn ọmọ jáde wá inú ikùn náà lọ, wá a bọ̀. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, ìró kan jáde, ó yára, ó tínrín, bí ẹni ń ránṣọ ní yàrá kẹta.

"Ó wà láàyè," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Òní yìí la máa gbé e jáde."

Fóònù aránṣọ dún nínú báàgì. Ìyá Káàdì yọ ọ́, ó gbé e sí i létí.

"Ìyàwó mi," ni ọkọ rẹ̀ wí, "ṣé dáadáa ni?"

Ẹnu aránṣọ ti là. Ó pa á dé, ó mí kanlẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Ẹ yí ọkọ̀ yẹn padà."