Ibà Mú Sáfà Nojeem

"Bí mo bá sín ní Bẹẹrẹ níbí, gbogbo kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà ló máa ń kí mi pé, 'Ẹ pẹ̀lẹ́ sà!'"

Nojeem ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ lu àyà gbì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró sójú kan. Ó ń jó lábẹ́ tábìlì bíi ti ẹni tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò rẹ̀.

Sọ̀fíyàt, ọ̀gá rẹ̀, ń ṣe áàpù tí àwọn aláṣọ òfì Òjé yóò máa fi tajà. Àwọn àgbà ọjà ń bọ̀ wá wò ó lẹ́yìn ìrun Àyìlà. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lójú wọn, ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí èèyàn bá tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe nínú áàpù yẹn, kọ̀ǹpútà á tún un kọ́ látìpìlẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ títí di Àlàásárì. Ni Sọ̀fíyàt bá ní kí Nojeem gba sáfà àyálò lórí kíláòdù, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilẹ̀ òkèèrè tí èèyàn ń lò látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sọ ọ́ di àká: ohun tí wọ́n bá ti kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa mú un. Búlọ́ọ̀kù tí a ti yọ lánàá, ta ní ń tún un yọ lónìí?

Nojeem ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba kíláòdù, ẹnu rẹ̀ ò sì gbà kó sọ bẹ́ẹ̀. Ló bá ti ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ìyá rẹ̀, Ìyá Àtọ́kẹ́, ní Pópó Yemọja, ó so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ dáadáa. Àfi òní.

"Nojeem, àká ò dáhùn! Wọ́n ti ń pe ìrun o!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí Sọ̀fí. Yìnyín ló bọ́ lé e ní Amẹ́ríkà, èyí tó kéré jù tó Gbọ̀ngàn Mápó. Mo ti ní kí wọ́n máa fi ṣọ́bìrì kó o."

"Rọra o," ni Ọládèjì, akẹgbẹ́ wọn, wí létí fèrèsé, "òrùlé wa ò lè gba irọ́ yẹn."

Nojeem pe fóònù ìyá àgbà. Kò gbé e. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ṣé iná ló lọ ni? Àbí eku gé wáyà?

Ẹsẹ̀ ń dún lórí àtẹ̀gùn. Ìyá Àtọ́kẹ́ ló wọlé, ó ru abọ́. Láptọ́ọ̀pù ló wà nínú rẹ̀, táwẹ̀lì tútù ló fi bò ó.

"Ẹ káàsán o. Nojeem Àkànní, ẹ̀rọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ń ṣàìsàn! Ara rẹ̀ gbóná janjan, ó ń kérora. Mo yọ ọ́ lára iná kó lè sùn, ibà náà ò lọ. Ǹ bá fún un lágbo, mi ò rí ẹnu rẹ̀ ni."

Sọ̀fíyàt sáré gba abọ́ náà. Ó já táwẹ̀lì dànù, ó ki í bọ iná, ó so wáyà mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà kérora, ó lajú. Búlọ́ọ̀kù àná bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níkọ̀ọ̀kan, áàpù gbéra sọ kí àwọn àgbà ọjà tó dé.

"Alhamdulillahi!" Ó wá yíjú. "Nojeem, Amẹ́ríkà wo nìyí?"

Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló kù nílẹ̀. Nojeem ti forí lé Ọjà'ba, ọlọ́kadà ń yà fún un. Eruku kó sí i nímú, ó sín kíkankíkan.

"Pẹ̀lẹ́ o, Àkànní!" ni Ìyá Àtọ́kẹ́ kí i láti ojú fèrèsé.