Àlejò Tí Ìyá Wa Pọ̀n

Àǹtí Ṣadé, ẹ jókòó kí n sọ àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá fún yín kí n tó gbàgbé. Ìyá wa ń sá ẹ̀gẹ́ lójúde, ni àlejò kan bá sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ó ga ju igi àgbọn lọ, ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi, òtútù sì ń mú un. Àwọn aládùúgbò kó igi jáde, wọ́n ní kó padà síbi tó ti wá.

Ìyá wa bọ́ sáàárín. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i pé òtútù ń mú ọmọ ọlọ́mọ ni?" Ni ìyá wa bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìró pọ̀n ọ́n.

Ẹ sáà wò ó, ìyá wa kúkúrú yẹn! Orí àlejò wà nínú ìkùukùu, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ títí dé ojú títì, ìyá wa sì ń fọwọ́ gbá a nídìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Má gbọ̀n mọ́, o ti délé." Àwọn aládùúgbò ju igi nù, wọ́n ń bá wọn gbé ẹsẹ̀ náà kó má baà bó. Èmi gbé àtàǹpàkò, ó sì ń móoru díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Àlejò náà fi ohùn ọmọdé sọ pé, "Ẹ ṣé, màámi." Ìyá wa bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló jí mi.